Zelik Ẹni Kẹwàá Lọ sí Ottawa

Ọ̀rọ̀ yìí kò ti orí òṣèlú bẹ̀rẹ̀. Orí àgbá ẹja ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní àríwá ìlú Winnipeg ní Kánádà, lódì kejì ojú irin, yàrá gbọọrọ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù Pinya ẹlẹ́ja oníyọ̀. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní. Ibẹ̀ ni sínágọ́gù àwọn Júù tó ti Volhynia, ní Yúróòpù, wá. Bàbá Pinya ló yọ̀ǹda yàrá náà fún wọn. Nígbà tí ikú fẹ́ mú un lọ, ó pe ọmọ rẹ̀ sẹ́bàá ibùsùn.

"Pinya, níwọ̀n ìgbà tí ọkùnrin mẹ́wàá bá ń pé síbẹ̀ láràárọ̀, kí oòrùn tó kan ẹsẹ̀ tábìlì ìwé mímọ́, tiwọn ni yàrá. Àárọ̀ tí wọn ò bá pé, kó ẹja rẹ wọlé."

Pinya búra. Bàbá rẹ̀ sùn, kò jí mọ́.

Mẹ́wàá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Láàárín àwọn Júù, bí ọkùnrin ò bá pé mẹ́wàá, kò sí àdúrà ìjọ, ọmọ òkú kò sì lè dúró ṣàdúrà fún òkú rẹ̀. Wòlíì mẹ́sàn-án kò tó. Alágbe mẹ́wàá tó.

Wàhálà Pinya ni pé òun fúnra rẹ̀ wà nínú mẹ́wàá. Kò lè sá. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti ọ̀run. Nítorí náà, láràárọ̀, á dúró ní igun, á da aṣọ àdúrà borí, á máa bẹ Ọlọ́run, á sì máa yọjú wo ilẹ̀kùn pé bóyá ẹnì kan ò ní wá. Àgbá ẹja rẹ̀ tò síta nínú yìnyín. Àwọn ológbò àdúgbò ń ṣọ́ wọn jù ú lọ.

Zelik Grabovski ni ẹni kẹwàá. Òun kọ́ ni àgbà wọn, òun kọ́ ni àbúrò wọn. Ó kàn jẹ́ ẹni tó ń dé kẹ́yìn ni. Iṣẹ́ gíláàsì ló ń ṣe, férémù igi tó fi ń gbé gíláàsì kiri a sì máa wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilẹ̀kùn kò gbà á bó bá kọjú síwájú, nítorí náà á fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí akàn. Bó bá ti wọlé, Pinya á mí kanlẹ̀.

Nígbà náà ni Bàbá Lozer, olùtọ́jú sínágọ́gù, á dìde láti kà wọ́n. Ṣùgbọ́n a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọba kan ka àwọn Júù rí láyé àtijọ́, àjàkálẹ̀ àrùn ló tẹ̀lé e. Bàbá Lozer kò fẹ́ irú rẹ̀.

"Kì í ṣe ẹyọ kan," á wí, á na ìka sí ọ̀kan. "Kì í ṣe méjì. Kì í ṣe mẹ́ta."

Bí ẹnì kan bá yí ẹsẹ̀ padà, á tún un bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá wúkọ́, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tó bá dé orí "Kì í ṣe mẹ́wàá" ni ara á tó tu gbogbo wọn.

Lọ́jọ́ tí Zelik kọ́kọ́ dé láti Volhynia, kò mọ ẹnì kan, ebi ń pa á, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ogún ọdún. Ó rí iná nínú yàrá kan, ó wọlé láti yáná. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ yíjú sí i bí ẹni tó rí ọmọ tó sọnù. Bàbá Lozer na ìka sí i: kì í ṣe mẹ́wàá. Láti àárọ̀ yẹn ni Zelik ti di ẹnì kan ní Kánádà. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe nílùú náà ni gíláàsì fèrèsé yàrá yẹn.

Ẹni tó ń ṣe gíláàsì kì í ṣe àlejò nílé ẹnikẹ́ni. Bí fèrèsé bá fọ́ nínú òtútù, kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìjọ tí ẹni tó fẹ́ tún un ṣe ń lọ. Zelik wọ ilé ìdáná àwọn ará Ukraine, ti àwọn ará Pólándì, ti àwọn ará Jámánì. Wọ́n á bu tíì fún un. Wọ́n á rojọ́. Paraska ẹlẹ́wàrà, obìnrin Ukraine tó ń fi ẹṣin ta wàrà kiri, rojọ́ pé omi ẹ̀rọ ò dé ojú ọ̀nà àwọn, yìnyín làwọn ń yọ́ mu. Zelik gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Ó padà wálé pẹ̀lú ojú kíkorò.

"Wọ́n ní kánsẹ́lọ̀ nìkan ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀," ó sọ fún Hinde ìyàwó rẹ̀.

"Ṣé ìyẹn náà le? Lọ di kánsẹ́lọ̀."

"Pẹ̀lú irú Gẹ̀ẹ́sì tí mò ń sọ yìí?"

"Bàbá Rokhl, kò sẹ́ni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ládùúgbò yìí. Ta ló máa mọ̀?"

Ó díje. Ó wọlé. Kí yìnyín ọdún náà tó yọ́ tán, omi dé ojú ọ̀nà Paraska. Obìnrin náà gbé ìkòkò wàrà kíkan kan wá sílé Zelik, ó gbé e kalẹ̀, ó ní: "Kánsẹ́lọ̀, mu."

Gbọ̀ngàn ìlú kò jìnnà. Kọjá afárá ojú irin, o ti débẹ̀. Zelik á gbàdúrà tán, á lọ ṣe kánsẹ́lọ̀, á padà wá ṣe gíláàsì. Inú gbogbo ènìyàn dùn, àfi Pinya.

Ọdún díẹ̀ kọjá. Ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ ní kí Zelik díje lọ sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, lódì kejì odò. Ìgbà yìí ni ẹ̀rù ba àwọn àgbà sínágọ́gù.

"Lánàá, afárá," ni Bàbá Lozer wí. "Lónìí, odò. Lọ́la ńkọ́?"

Wọ́n fẹnu kò. Wọ́n wọ bàtà onírun, wọ́n tú sáàárín ìlú láti bẹ àwọn olùdìbò pé kí wọ́n má dìbò fún Zelik. Ojúlé Paraska ló kan Bàbá Lozer fúnra rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá oníwàrà, ẹ má dìbò fún Zelik."

"Kí ló ṣe?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ènìyàn gidi ni."

"Ó jalè?"

"Ká má rí i!"

"Ó ń na ìyàwó rẹ̀?"

"Hinde? Ta ló láyà?"

"Kí wá ló dé?"

Bàbá Lozer bọ́ ìbọ̀wọ́, ó nu imú. "Bó bá lọ, a ò mọ bá a ṣe máa jí láàárọ̀."

Paraska ti ilẹ̀kùn. Kó tó di ọ̀sán, ó ti sọ ọ́ ní gbogbo ibi tó ń ta wàrà dé: "Mo ti rí olóṣèlú tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń tì jáde. Mi ò rí èyí tí wọ́n ń sunkún pé kó má lọ rí. Ẹ dìbò fún un."

Zelik kó ìbò bí ẹni kó iyanrìn. Àwọn ará Pólándì tí kì í bá àwọn ará Ukraine jókòó sídìí tábìlì kan náà jọ dìbò fún un. Àwọn àgbà jókòó nínú yàrá lọ́jọ́ kejì, wọn ò lè wo ojú ara wọn.

"A ti bẹ̀bẹ̀ jù," ni Bàbá Lozer wí.

Odò náà kò ṣe Zelik ní nǹkan. Ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n sísáré ni ó máa ń sáré, láti orí àdúrà sórí òfin. Lọ́jọ́ kan, àmì okùn awọ tí àwọn Júù ń dì mọ́ apá gbàdúrà ṣì wà lápá rẹ̀ nígbà tó dìde sọ̀rọ̀ nílé aṣòfin. Ọmọ ilé kan tó jẹ́ àgbẹ̀ bi í pé ta ló dè é lókùn.

"Ọlọ́run ni," Zelik dáhùn. "Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú mi sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ kó tó rántí mi."

Ilé rẹ́rìn-ín. Òfin náà kọjá.

Nígbà tó yá, Ottawa, olú ìlú Kánádà níbi tí ilé aṣòfin àgbà wà, pè.

Òun náà fẹ́ lọ. Nínú ilé ìdáná tó ń wọ̀, ó ti rí arúgbó tó fi bébà dí fèrèsé, tó ń se ewé tíì kan náà láti Mọ́ńdè dé Ọjọ́rú. Ó ti sọ ọ́ ní gbọ̀ngàn ìlú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ ni. Ó sọ ọ́ nílé aṣòfin ìpínlẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ Ottawa ni. Ottawa nìkan ló kù tí kò tíì bi.

Ṣùgbọ́n Ottawa kì í ṣe odò téèyàn ń kọjá. Ọkọ̀ ojú irin á sùn lọ́nà, á jí, á tún sùn, kó tó débẹ̀. Bí Zelik bá wà ní Ottawa láàárọ̀, mẹ́sàn-án ló kù nínú yàrá.

"O fẹ́ bá wa wá oúnjẹ ọjọ́ ogbó," ni Bàbá Lozer wí fún un. "A dúpẹ́. Ibo la ó ti máa jẹ ẹ́? Nínú àgbá Pinya?"

"Ẹ wá ẹlòmíràn rọ́pò mi."

"Ta? Sínágọ́gù ńlá ojú títì ti kó gbogbo ọ̀dọ́ tán. Wọ́n ní ẹ̀rọ amúlégbóná níbẹ̀. Àwa ní ẹja."

Zelik ronú. Ọkùnrin Júù kan ṣoṣo ló kù ládùúgbò tí kò ní sínágọ́gù: Shaye Lipets atẹ̀wé, ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tó ti bú Ọlọ́run ní èdè mẹ́rin. Ogún ọdún ni kò ti fi ẹsẹ̀ kan ilé àdúrà. Ó ti bá Zelik díje fún kánsẹ́lọ̀, ó fìdí rẹmi. Ó bá a díje fún ìpínlẹ̀, ó fìdí rẹmi. Òun náà ló tún ń bá a díje fún Ottawa. Zelik sọdá títì lọ bá a, Bàbá Lozer sì tẹ̀lé e.

"Shaye, mo gbọ́ pé o fẹ́ lọ sí Ottawa."

"Màá sì fi ọ́ gbálẹ̀ débẹ̀."

"Ó dáa. Bó o bá wọlé, màá dúró sílé, màá máa jókòó sórí àga mi. Bí èmi bá wọlé, ìwọ ni wàá máa jókòó sórí rẹ̀. Láràárọ̀."

Shaye rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mú.

"Èmi? Èmi tí mi ò gba Ọlọ́run gbọ́?"

"Ta ló bi ọ́?" ni Bàbá Lozer wí láti ẹnu ọ̀nà. "Orí rẹ la fẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀, fi sílé."

"Bàbá Lozer, mò ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀!"

"Má jẹ ẹ́ nínú yàrá."

Shaye nu yíǹkì kúrò lọ́wọ́, ó na ọwọ́ sí Zelik. "Mo gbà. Wò ó, n kò tíì fẹ́ Ottawa tó báyìí rí. Kàkà kí n máa gbọ́ òórùn ẹja láràárọ̀, màá kúkú lọ ṣe òfin."

"Ìdí tí kálukú fi ń wọ òṣèlú yàtọ̀ síra," ni Zelik wí.

Ìpolongo ọdún yẹn ya wèrè. Shaye ń sáré bí ẹni tí oyin ń lé. Ó ń sọ̀rọ̀ lórí àpótí, lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, lórí òrùlé ilé adìyẹ tó wó lulẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn àgbà sínágọ́gù, tí irùngbọ̀n wọn gùn dé àyà, ń gbé àsíá pupa tẹ̀lé e.

"Ẹ dìbò fún Shaye!" wọ́n ń pariwo. "Kò gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ dìbò fún un!"

Lódì kejì títì, Pinya ṣí àgbá ẹja méjì, ó ń pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá.

"Zelik ni o! Ẹ gbé e lọ! Ẹ gbé e lọ jìnnà!"

Hinde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Pinya, ìgbà wo lo bẹ̀rẹ̀ sí fẹ́ràn ọkọ mi báyìí?"

"Ìgbà tí mo rí ibi tí Ottawa wà nínú àwòrán ayé."

"Ẹja rẹ ti kan."

"Lọ́fẹ̀ẹ́ ni, Ìyá Rokhl. Ẹja ọ̀fẹ́ kì í kan."

Àwọn ará Jámánì jẹ ẹja Pinya, wọ́n kọrin Shaye. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ rí àwọn àgbà onírùngbọ̀n lẹ́yìn àsíá wọn, wọ́n rò pé ayé ti yí padà, wọ́n sunkún ayọ̀. Paraska kò kọrin ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ta wàrà, ó sì ń sọ pé: "Àwọn arúgbó yẹn ṣì ń bẹ̀bẹ̀ pé kó má lọ. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó."

Zelik wọlé.

Shaye jókòó lórí àpótí bébà, ó dijú. Wọ́n ṣàdéhùn pé ọjọ́ tí Zelik bá wọkọ̀ ni yóò bẹ̀rẹ̀. Pinya yẹ àgbá rẹ̀ wò, ó wọn ilẹ̀kùn yàrá, ó rí i pé wọ́n gba ibẹ̀.

"Shaye? Láàárọ̀? Nínú yàrá àdúrà?" ó wí. "Ẹ jẹ́ ká máa wò ó."

Oṣù January ni ilé aṣòfin àgbà ń wọlé. Òtútù àárọ̀ yẹn lè gé imú. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ nígbà tí Zelik dé ibùdókọ̀ ojú irin. Kò lè dúró gbàdúrà pẹ̀lú wọn, nítorí ọkọ̀ ojú irin kì í dúró de oòrùn. Gbogbo àdúgbò ló wá. Àwọn ará Ukraine gbé fèrè wá, ètè wọn lẹ̀ mọ́ ọn. Hinde kó ẹyin sísè àti kéèkì oyin lé e lọ́wọ́. Zelik gun orí ọkọ̀, ó bọ́ fìlà, ó yíjú láti juwọ́.

Ó rí Shaye láàárín èrò, ó ń pàtẹ́wọ́.

"Shaye! Kí lò ń ṣe níbí?"

"Mo wá wò bó o ṣe ń lọ! Kí n rí i dájú!"

"Sínágọ́gù ńkọ́?"

"Mo ti débẹ̀! Aago méje géérégé, bó ṣe wà nígbà tí bàbá mi ń fa etí mi lọ. Ilẹ̀kùn wà ní títì, òkùnkùn biribiri. Mo ní, ó dáa, gbogbo wọn ti wá síbí."

"Shaye! Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pé ní aago méje! Nígbà òtútù, ìmọ́lẹ̀ là ń dúró dè!"

Shaye la ẹnu sílẹ̀. Ogún ọdún ti gbé ìyẹn lọ lórí rẹ̀. "Ṣé ẹ tún ń sún aago kiri ni?"

Ọkọ̀ fọn fèrè. Zelik wo ìlà oòrùn. Lẹ́yìn àwọn ihò èéfín orí òrùlé, ojú ọ̀run ti ń pọ́n bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọdé. Ó wo iwájú, níbi tí Ottawa wà. Èéfín ti ń jáde. Ó fò sílẹ̀.

"Bàbá Rokhl!" Hinde kígbe. "Ottawa wà lọ́hùn-ún yẹn!"

Zelik ti di Shaye mú lápá, wọ́n ti ń sáré. Ọkọ̀ ojú irin ń lọ síhà kan, ọmọ ilé aṣòfin àgbà ń lọ síhà kejì pẹ̀lú kéèkì lábíyá. Àwọn onífèrè kò mọ èyí tí wọn ì bá máa fun fèrè tẹ̀lé. Wọ́n tẹ̀lé Zelik.

Lẹ́nu afárá, ẹṣin Paraska dá wọn dúró, ó ń fa pákó rẹ̀ tó ń yọ̀ lórí yìnyín, agolo wàrà ń mì lórí rẹ̀.

"Kánsẹ́lọ̀, gòkè."

"Kì í ṣe kánsẹ́lọ̀ mọ́," ni Shaye wí, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, ó ń gun agolo. "Ọmọ ilé aṣòfin àgbà ni."

"Ẹni tó bá mú omi wá ni kánsẹ́lọ̀. Di nǹkan mú."

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá ní àkókò náà, lẹ́yìn ni Zelik tó gbọ́ ọ. Oòrùn ti yọ. Ṣùgbọ́n yìnyín ti bo fèrèsé náà nínú, ó nípọn bí aṣọ òkè, ìtànṣán ò lè wọlé. Pinya yọ ọ̀bẹ ẹja, ó ń ha yìnyín náà kúrò. Àwọn méje, yàtọ̀ sí Bàbá Lozer, rọ́ lọ síbẹ̀, wọ́n ń fẹ́ èémí sí gíláàsì. Bó ti ń ha á, wọ́n ń fẹ́ ẹ, èémí wọn ń di yìnyín lójú ẹsẹ̀.

"Ẹ̀ ń rẹ́ oòrùn jẹ!" ni Pinya ń kígbe.

"A kàn ń mí ni," wọ́n dáhùn. "Ṣé mímí ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

Bàbá Lozer dúró láàárín, ìka rẹ̀ nà. Bàbá Pinya sọ pé kí wọ́n pé. Kò sọ bí kíkà náà ṣe gbọ́dọ̀ yá tó.

"Kì í ṣe ẹyọ kan. Kì í ṣe méjì. Pinya, o mira. Kì í ṣe ẹyọ kan."

"Mẹ́sàn-án ni wá! Ojú mi rí i!"

"Ṣé ìwọ ń ka ènìyàn ni, Pinya? O fẹ́ kí àrùn pa wá? Kì í ṣe ẹyọ kan."

Pinya ha ojú ihò kan bí owó fàdákà. Ìtànṣán tín-ínrín kan wọlé, ó bọ́ sórí ilẹ̀, ó ń rá bọ̀ lọ́dọ̀ tábìlì. Ó ku bí ìwọ̀n ìka kan kó dé ẹsẹ̀ rẹ̀.

Níta, ẹṣin Paraska kò mọ̀ pé àgbá wà lẹ́nu ọ̀nà. Pákó náà yọ̀, ó gbá àkọ́kọ́, àkọ́kọ́ gbá ìkejì. Àgbá yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ lójú títì, ó fọ́, ẹja tú ká. Ológbò tó ti ń dúró láti ọdún mélòó kan rí ọjọ́ rẹ̀. Shaye ṣubú, ó dìde pẹ̀lú ẹja nínú àpò kóòtù. Wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn pọ̀. Zelik kò gbé férémù, síbẹ̀ ó fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí akàn. Ara rẹ̀ ti mọ́ ọn.

Bàbá Lozer kò yíjú. Ìka rẹ̀ ṣì nà.

"Kì í ṣe mẹ́sàn-án." Ìka náà bọ́ sórí Shaye. "Kì í ṣe mẹ́wàá." Ó bọ́ sórí Zelik. Ó dúró. Kò sẹ́ni tó ti gbọ́ iye tó tẹ̀lé mẹ́wàá nínú yàrá yẹn láti ọdún pípẹ́. "Kì í ṣe mọ́kànlá."

Ìtànṣán náà kan ẹsẹ̀ tábìlì.

Wọ́n pariwo. Arúgbó di arúgbó mú, wọ́n ń yí tábìlì ká, bàtà onírun ń dún gbì-gbì. Àwọn onífèrè dé, wọ́n dúró lójú títì, wọ́n ń fun orin ìgbéyàwó nítorí òun nìkan ni gbogbo wọn jọ mọ̀. Pinya jókòó sílẹ̀ lórí àga, ọ̀bẹ lọ́wọ́. Ó wo ẹja rẹ̀ láti ihò tó ti ha. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí mì. Wọ́n rò pé ó ń sunkún ni. Ẹ̀rín ló ń rín.

"Kò burú," ó wí. "Ẹ lọ ṣa èyí tí ológbò ò tíì jẹ. Mo ní ọtí nílé."

Wọ́n kọ́kọ́ gbàdúrà. Shaye dúró bí òpó iná. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí gbogbo ìjọ ń dáhùn, Zelik gbọ́ ohùn kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ga ju ti gbogbo wọn lọ. Ó yíjú. Shaye ń wo òrùlé.

Ọkọ̀ ọjọ́ kejì ni Zelik wọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, Shaye kò wá sí ibùdókọ̀.

Ilé aṣòfin àgbà náà ní iye tó gbọ́dọ̀ pé kó tó lè jókòó. Ogún ni. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jíròrò ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó, àwọn ọmọ ilé ti lọ jẹun. Aago ń ké, kò sẹ́ni tó ń bọ̀. Akọ̀wé dìde, ó na ìka, ó ń kà wọ́n lójúkojú: ẹyọ kan, méjì, mẹ́ta, kò bẹ̀rù. Ó dé orí mọ́kàndínlógún, ó ń wá ibi tó kù. Ilẹ̀kùn ṣí. Ọkùnrin kan fi ẹ̀gbẹ́ wọlé bí akàn.

"Ogún," ni akọ̀wé wí.

"Kì í ṣe ogún," ni Zelik wí sábẹ́ irùngbọ̀n, ó jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ àwọn arúgbó.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló tó padà wálé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní aago méje, ó wọ yàrá náà. Ẹja ṣì ń rùn. Shaye wà lórí àga Zelik, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wà níwájú rẹ̀, ó fi aṣọ àdúrà tí Bàbá Lozer yá a bo ẹsẹ̀ nítorí atẹ́gùn.

"Ọmọ ilé aṣòfin àgbà," ni Pinya wí láti igun, "àga ti kún. Jókòó sórí àgbá."

Zelik jókòó sórí àgbá. Ó dùn mọ́ ọn, ó sì ta á díẹ̀.

Bàbá Lozer ka títí dé mọ́kànlá. Shaye gbọ́ ọ. Ó fò dìde, ó ká ìwé ìròyìn.

"Ó ti dé! Ẹ pé láìsí mi! Ó dìgbóṣe, ẹ̀yin ẹlẹ́ja!"

Ó ti jáde. Wọ́n gbọ́ bàtà rẹ̀ lójú títì, ó ń sáré, ó ń súfèé. Bàbá Lozer bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Wọn ò tíì lọ jìnnà nígbà tí súfèé náà dúró. Bàtà náà padà bọ̀, jẹ́jẹ́. Shaye yọjú ní ẹnu ilẹ̀kùn.

"Mo gbàgbé fìlà mi," ó wí, ó jókòó.

Fìlà náà wà lórí rẹ̀.